Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọmọdé bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì ilé-ìwé, àmín nìkan ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀.

Ní 1932, ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì pawọ́ pọ̀ dá Igbobi College sílẹ̀. Ìjọ méjì, àga ìwàásù kan! Mo máa ń wò ó pé ó yẹ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ gba èrò méjì.

Níbi tí èmi ti kàwé, àlejò kan wàásù fún wa pé ẹ̀ṣẹ̀ ló ń sọ èèyàn di tálákà. Ọmọ alákàrà sì pọ̀ láàárín wa. Kò sẹ́ni tó dìde. Ikọ́ la ń wú, láti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn dé iwájú, títí ohùn àlejò náà fi rì. Ẹgba ni wọ́n fi dá wa lóhùn.

Lọ́dún 2019, nígbà tí Mike Pence, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, wá sọ̀rọ̀ níbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní Taylor University, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn onígbàgbọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, wọ́n sì jáde. Ó sàn ju ikọ́ wa lọ, mo gbà. Àmọ́ ta ló wá bi àlejò ní ìbéèrè? Ọmọ alákàrà kan wà tí tiẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ dòní.