Ìrìn-Àjò sí Ibi Tí Ẹ̀jẹ̀ Ti Ṣàn

Ẹni tí ó bá kúrò ní Maourey, àdúgbò àtijọ́ ní Niamey, tí ó kọrí sí ìlà-oòrùn, yóò rìn ju 400 kìlómítà lọ kí ó tó dé Birni-N'Konni. Ní oṣù kárùn-ún ọdún 1899, àwọn ọmọ ogun Faransé tí Voulet àti Chanoine ṣáájú fún pa ènìyàn rẹpẹtẹ níbẹ̀. Ní oṣù keje, àwọn ọmọ ogun wọn fúnra wọn pa àwọn ọ̀gá méjèèjì. Ibojì wọn wà ní Maijirgui.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí lọ wo irú ibi bẹ́ẹ̀? Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé pàṣẹ kí á rìn lórí ilẹ̀, kí á wo àtubọ̀tán àwọn tí ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá ní ilẹ̀ ìjọ Thamud, ó kọ̀ fún àwọn Sàábé láti wọ ibẹ̀ àyàfi pẹ̀lú ẹkún.

Alábòsí ni ìjọ Thamud. Àwọn ará Konni ni a ṣe àbòsí sí. Bí ẹkún bá yẹ níbi ìparun alábòsí, ó yẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí a ti pa aláìṣẹ̀. Nítorí náà, ìrìn-àjò náà kọ́ ni ó burú, bí kò ṣe ohun tí ọkàn lọ wá. Ẹni tí ó ya fọ́tò níbi ibojì Voulet, tí kò béèrè àwọn tí Voulet pa, ìran ni ó lọ wò. Ẹni tí ó rántí ikú ara rẹ̀, tí ó sì pinnu láti má ṣe àbòsí sí ẹnikẹ́ni, òun ni ó jèrè.