Ẹ Fi Okùn Lé Àlejò Lọ́wọ́

Ẹ ka: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28:1–10



Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, àwọn tọkọtaya kan a máa wọ ọkọ̀ ìgbòkun kékeré, wọn a gba erékùṣù Canary, wọn a sì la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá lọ sí Káríbẹ́ánì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lójú omi. Bí baálé bá ń sùn, ìyàwó ni yóò máa ṣọ́nà. Bí wọ́n bá dé èbúté, wọn a ta àsíá ìyeyè, ọ̀gá ọkọ̀ nìkan ni yóò sì kó ìwé ìrìnnà lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Àwa tí a ti tò níwájú irú wọn rí mọ bó ṣe ń rí lára!

Òmíràn nínú wọn a yà sí Carriacou, erékùṣù kékeré kan lábẹ́ ìjọba Grenada. Ní abúlé Windward níbẹ̀, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń fi igi kan ọkọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé ọkọ̀ tuntun sómi, oúnjẹ a pọ̀, àlùfáà a gbàdúrà sí ọkọ̀ náà, wọn a fi àáké gé àwọn igi tó gbé e ró lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nígbà náà ni gbogbo ènìyàn yóò di okùn mú, tí wọn ó fà á dé inú òkun. Okùn gùn, ọkọ̀ wúwo. Ààyè wà fún ọwọ́ àlejò.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọdún 2024, ìjì líle tí wọ́n pè ní Beryl kọlu Carriacou, ó sì ba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé wọn jẹ́. Ẹni tó ti bá wọn fa okùn rí kò ní gbọ́ ìròyìn yẹn bí ọ̀rọ̀ àjèjì.

Ẹ wá wo Mẹ́lítà. Ènìyàn 276 ni ọkọ̀ wọn fọ́. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, àwọn ará erékùṣù sì dáná fún wọn láìbéèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. A máa ń wàásù lórí paramọ́lẹ̀ gan-an. A kì í sábà wo ohun tí Pọ́ọ̀lù ń ṣe nígbà tó fi dì mọ́ ọn lọ́wọ́. Igi iná ló ń ṣà! Ẹlẹ́wọ̀n ni, àlejò ni, kò sì sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé ẹnikẹ́ni gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló gbé lé bàbá Púbílíù tí ara rẹ̀ fi yá.

Nínú ìjọ tiwa ńkọ́? A ní kí àlejò dìde, a pàtẹ́wọ́, a di ìrẹsì fún un. Ahun kọ́ ni wá. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn a wá fún oṣù mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò ní bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní Ìbàdàn lè wà lórí àga ẹ̀yìn. Ọ́fíìsì ló ń fọ̀ lóru, kò sì sí ibòmíràn ní ìlú yìí tí wọ́n ti lè pè é ní Ìyá. Ọjọ́ tí kò bá wá mọ́, a ó ní iṣẹ́ ló gbà á lákòókò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, nígbà tí a bá ń kó àga kúrò kí onígbọ̀ngàn tó dé, ẹ wo ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí ẹni tó dá dúró, ẹ pè é: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbé apá kejì tábìlì yìí.”