Iṣẹ́ Wo Ni Olórí Yóò Fi Ṣáájú?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ru ẹran erin lórí kí a tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ òwe náà. A máa ń pa á fún ẹni tí ó fi iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ tí ó ń lépa ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ìrẹ̀ ni ó ń pe olórí kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, ọ̀rọ̀ náà ìbá rọrùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, erin mìíràn ni ó ń pè é. Opó kan ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Òrùlé ilé-ìwé ń jò. Ọ̀nà oko ti bàjẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kò rí iṣẹ́ ṣe. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára láti ṣe, agbára olórí kò sì lè ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí: Ǹjẹ́ ó tọ́ kí olórí fi iṣẹ́ rere kan sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ rere mìíràn? Bí ó bá tọ́, báwo ni yóò ṣe ṣe é tí kò fi ní fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìyà? Kì í ṣe ọba àti gómìnà nìkan ni a ń bá wí. Ọ̀gá ilé-ìwé, díákónì, ìyálọ́jà, alága ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú, àní bàbá àti ìyá nínú ilé wọn, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Àfòmọ́ Lórí Igi Ọsàn

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èyí tí ó rọrùn kúrò lọ́nà. Àwọn tí ó ní oko ọsàn ní Fìdítì mọ àfòmọ́. Ẹyẹ ni ó ń gbé èso rẹ̀ wá sórí igi. Ewé rẹ̀ a máa tutù yọ̀yọ̀, ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ara igi ọsàn ni. Ṣùgbọ́n omi ara igi ni ó ń mu, bí olóko kò bá sì gé e, ẹ̀ka tí ó wà lórí rẹ̀ yóò gbẹ.

Iṣẹ́ olórí náà ní àfòmọ́ tirẹ̀. Wọ́n ní kí ó wá ṣe alága ìkówójọ ní ọjọ́ Sátidé, kí ó jókòó níbi ìsọmọlórúkọ, kí ó bá wọn dé ibi ìsìnkú ní ìlú mìíràn, kí ó sì pe ìpàdé lórí irú aṣọ tí ẹgbẹ́ yóò rà. Ó rẹ̀ ẹ́, nítorí náà ó rò pé òun ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọdún bá fi máa parí, iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ yàn án ṣì wà níbi tí ó wà. A kò sọ pé kí olórí má bá àwọn tí ń yọ̀ yọ̀, tàbí kí ó má bá ọ̀fọ̀ kẹ́dùn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ń jẹ́ gbogbo ìpè ti gbà kí àwọn ẹlòmíràn máa yan iṣẹ́ fún òun.

Bí Ìpè Náà Bá Jẹ́ Òtítọ́ Ńkọ́?

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ Jerúsálẹ́mù, ní Ìṣe Àwọn Aposteli orí 6. Àwọn opó kan kò rí oúnjẹ gbà bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ebi kì í ṣe ìrẹ̀. Àwọn Aposteli kò bá àwọn tí ó mú ẹ̀sùn náà wá wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi iṣẹ́ tí a rán wọn sílẹ̀ láti lọ máa pín oúnjẹ. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí a lè fọkàn tán, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn tí Jẹ́tírò gba Mósè ní Ẹ́kísódù orí 18 kò yàtọ̀ sí èyí. Ìyàtọ̀ ńlá ni ó wà láàárín kí a gbé iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ àti kí a gbé e jù sílẹ̀. Ohun tí olórí kò bá ní ṣe fúnra rẹ̀, kí ó rí i pé a mọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe é.

Ohun Tí Yíyàn Ń Gbà

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ènìyàn kò tó, tí owó kò sì tó, tí ó di dandan kí olórí mú ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan ní ilẹ̀ wa. Ní 1952, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkóso Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ìlú ń fẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń fẹ́ omi ẹ̀rọ, wọ́n ń fẹ́ ilé ìwòsàn. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, S. O. Awókọ̀yà, tí í ṣe Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́, gbé ètò kan síwájú ilé aṣòfin ní Ìbàdàn: láti 1955, ọmọdé yóò máa lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun mẹ́ta. Èkíní, wọ́n dá ọjọ́, wọ́n sì fi àwọn ọdún tí ó wà láàárín múra sílẹ̀. Wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ sílẹ̀, wọ́n kọ́ yàrá ìkàwé, wọ́n sì dín ọdún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti mẹ́jọ sí mẹ́fà. Èkejì, wọ́n ya owó púpọ̀ sọ́tọ̀ fún un. Ẹ̀kẹta, wọ́n gba àdánù nítorí rẹ̀. Ìjọba bu owó kún owó orí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera, àwọn ènìyàn sì bínú. Ẹni tí kò tíì rí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ti rí agbowó-orí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí a dìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, ẹgbẹ́ NCNC ni ó gba ìjókòó tí ó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn.

Ì bá rọrùn nígbà náà láti ní kí ètò náà dúró ná. Wọn kò dá a dúró. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní, 1955, ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó lé ní 450,000 ní 1954, lé ní 800,000 ní 1955. Ní 1956 ẹgbẹ́ kan náà ni ó borí nínú ìdìbò sí ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn.

Ìjọba Ìlà-Oòrùn náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní 1957. Èrò rere kan náà ni. Ṣùgbọ́n àkókò ìmúrasílẹ̀ kúrú, owó kò sì tó; ní 1958 wọ́n dá owó ilé-ìwé padà, àwọn obìnrin sì dìde láti fi ẹ̀hónú hàn. Èyí kọ́ wa pé kí a kéde ohun kan yàtọ̀ sí kí a yàn án.

Kí a má sì rò pé ẹni tí ó bá yan ohun kan ti bọ́. Ohun tí a bá yàn a máa bí gbèsè tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó wọ kíláàsì ní 1955 ni kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, iṣẹ́ kò tó fún wọn. Ó wà lára ìdí tí ìjọba fi dá àwọn Farm Settlement sílẹ̀ ní nǹkan bí 1959 sí 1960, èyí tí ó wà ní Ìlọrà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Owó ńlá ni ètò náà ná ìjọba, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà káàkiri ni kò sì dúró lóko. Olórí tí ó yan ohun kan gbọ́dọ̀ ṣe tán láti san gbèsè tí ó bá tẹ̀lé e.

Bí A Ṣe Lè Fi Í Sílò

Ìdáhùn wa ni pé ó tọ́ kí olórí fi iṣẹ́ rere kan sílẹ̀ nítorí òmíràn, bí ó bá ṣe é ní gbangba, tí òun fúnra rẹ̀ sì pín nínú ìnira rẹ̀. Kí ó sọ fún àwọn tí yóò dùn ní ojú wọn, kí ó má jẹ́ kí wọ́n máa retí lásán. Kí ó má sì jẹ́ pé àwọn aláìní nìkan ni yóò máa dúró de ìgbà mìíràn lọ́dọọdún. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kì í ṣe iṣẹ́ pàtàkì ni ó yàn. Ènìyàn ni ó ń yàn.

Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ fi ṣáájú, má bi alága nìkan. Bi akọ̀wé àti akápò pẹ̀lú, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí o wò ó bóyá ìdáhùn wọn yóò bára mu. Lẹ́yìn náà, ṣí ìwé owó. Ibi tí owó àti ọjọ́ rẹ bá ń lọ ni iṣẹ́ tí ó jẹ ọ́ lógún, ohun yòówù tí ẹnu rẹ lè máa sọ.

Síbẹ̀, àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ilé aládùúgbò bá ń jó, kò sí ètò kan tí ó ní kí a jókòó. Nígbà tí Jésù ń lọ sí ilé Jáírù, ní Máàkù orí 5, ó dúró nítorí obìnrin aláìsàn kan. Ó dúró, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ibi tí ó ń lọ. Ó dé ilé Jáírù.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Nínú àwọn iṣẹ́ tí o ṣe ní oṣù tí ó kọjá, èwo ni ó jẹ́ àfòmọ́?
2. Iṣẹ́ rere wo ni ẹgbẹ́ rẹ yẹ kí ó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ta ni yóò sì gbà á?
3. Bí ohun tí o yàn bá mú kí àwọn ènìyàn bínú sí ọ, báwo ni ìwọ yóò ṣe mọ̀ bóyá ìdúróṣinṣin ni o ń ṣe tàbí agídí?