Ta Ló Bí Ìyá Ìyá Àgbà?

Ìbéèrè ọmọdé kì í tán. Sọ fún un pé ẹni báyìí ló bí bàbá rẹ̀, yóò bi ọ́ pé ta ló bí ẹni yẹn. Dárúkọ ẹni náà fún un, yóò tún béèrè ẹni tó bí òun náà. Kò ní pẹ́ tí àgbàlagbà yóò fi wúkọ́, tí yóò ní kí ọmọ lọ bu omi mímu wá fún òun. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni bí ibi tí ìdáhùn ti ń tán ṣe sún mọ́ wa tó. Ìran mẹ́rin péré, bóyá márùn-ún, ilẹ̀ ti ṣú.

Mo máa ń ṣírò rẹ̀ lóru, nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí ooru kò sì jẹ́ kí n sùn. Òbí mi jẹ́ méjì, àwọn tó bí wọn jẹ́ mẹ́rin, àwọn tó bí ìyẹn jẹ́ mẹ́jọ. Tí mo bá ń fi ìlọ́po méjì kà á lọ bẹ́ẹ̀ dé ìran kẹwàá, ó di 1,024, àfi tí àwọn kan nínú wọn bá jẹ́ ẹbí tó fẹ́ ara wọn láìmọ̀. Ìran mẹ́wàá náà kì í sì í ṣe ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí ọdún 250 ni. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó roko, tó ná ọjà, tí inú run lóru, tó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ká ní ṣọ̀pọ̀ná mú ẹyọ kan lọ nínú wọn kó tó bímọ, n kì bá tí sí níbí máa wo àjà nínú òkùnkùn. Gbogbo wọn ló là á já títí wọ́n fi bímọ. Orúkọ tí mo mọ̀ nínú gbogbo ìran mẹ́wàá náà kò sì kún ìka ọwọ́ méjì.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ọ̀yọ́ ní àwọn arọ́kin láàfin, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa rántí àwọn ọba àti ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé wọn. Ní ilé mẹ̀kúnnù, ìyá àgbà ni arọ́kin. Wò ó láàárọ̀: ó ti wẹ ọmọ tán, ó ti fi òrí pa á lára, ara ń dán, ọmọ ń jà ràpàràpà kó lè sá lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìyá di apá rẹ̀ mú, ó gbé ọwọ́ kejì lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Bó bá jẹ́ ọmọ Olọ́fà, yóò gbọ́ nípa ìjàkadì; bó bá jẹ́ ọmọ Oníkòyí, yóò gbọ́ nípa ogun. Ọmọ tí eyín àkọ́kọ́ kò tíì ká lẹ́nu rẹ̀! Ìyá àgbà kò tilẹ̀ sọ pé baba ńlá rẹ̀ ló lọ sógun. Ọmọ yìí gan-an ló ń kí pé ó káre lójú ogun. Ọmọ náà a dákẹ́, ara rẹ̀ a rọ̀, bí ẹni pé ó ń gbìyànjú láti rántí ogun náà. Ta wá ni ìyá ń bá sọ̀rọ̀? Bóyá òkú kò lọ jìnnà. Bóyá ó sì ti lọ pátápátá, tó jẹ́ ohùn nìkan ló kù. N kò lè sọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn wà tí ohùn yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìwọ̀fà tó kú sí oko olówó, ìyàwó tí wọ́n kó lẹ́rú, tó bímọ fún ìdílé, tí wọ́n wá fi orúkọ mìíràn bo orúkọ rẹ̀. Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, ọmọ tó bá béèrè nípa irú wọn, ìgbámú ló máa gbà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1821, ogun kó ìlú Òṣogùn, wọ́n sì fi okùn sí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lọ́rùn. Òun ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó ní oúnjẹ àárọ̀ ni àwọn ń sè lọ́wọ́ tí ìròyìn ogun fi dé. Ó ní wọ́n fi òun pààrọ̀ ẹṣin kan. Ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tó yá, ọmọ Crowther obìnrin bí Herbert Macaulay, tó di olóṣèlú ńlá. Àwọn èèyàn a máa ka oyè àti iṣẹ́ ńlá, àmọ́ ọkàn mi kì í kúrò nídìí ààrò yẹn. Ta ló jẹ oúnjẹ náà? Àbí ó jóná sínú ìkòkò? Àwọn mìíràn tó wà lórí okùn kan náà, tí wọn kò kọ lẹ́tà kankan, ńkọ́? Àwọn ènìyàn wà ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, àti ní Cuba, lónìí tí irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ baba ńlá wọn dé ibẹ̀. Wọ́n di orin àti orúkọ òrìṣà mú. Orúkọ baba, ní ti ọ̀pọ̀ wọn, ti bọ́ sínú òkun.

Ní tòsí báyìí náà, ìgbàgbé ń ṣiṣẹ́. Fọ́tò kan wà ní pálọ̀ agbo ilé wa, ikán ti jẹ etí férémù rẹ̀. Obìnrin kan jókòó sórí àga, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó le ojú koko bí ẹni tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ mira. Bàtà rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó dà bíi pé ó yá a ni. Wọ́n ní wọ́n ti ya fọ́tò náà kí ọ̀sán tó dòru, ìyẹn ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn ní oṣù karùn-ún ọdún 1947. Gbogbo ilé ló rántí pé ojú ọ̀run ṣókùnkùn. Kò sí ẹni tó rántí orúkọ obìnrin náà.

Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Mo ti dúró létí Odò Ògùn, mo wo omi títí. Kò wẹ̀yìn wò, ó sì ń ṣàn. Ọmọ lè jẹun yó, kó ṣeré, kó dàgbà, kó má mọ ẹni tó bí ìyá ìyá àgbà rẹ̀. Nítorí kí wá ni a ṣe ń sọ ọ́ fún un? Nígbà mìíràn mo máa ń fura pé nítorí ara wa ni: pé bí ọmọ yìí bá rántí wọn, ẹnì kan yóò rántí àwa náà. Yóò rántí wa lóòótọ́, fún ìran méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, a ó di ẹni inú fọ́tò.

Mi ò rò pé ìyẹn burú. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti gba ilé ayé kọjá kóun tó dé yóò mọ̀ pé àlejò ni òun, yóò sì lè fojú àlejò wo àwọn ẹlòmíràn. Nítorí náà, sọ ọ́ fún un. Dárúkọ àwọn obìnrin, dárúkọ ìwọ̀fà, má fo ẹni tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin. Níbi tí o kò bá ti mọ̀, má wúkọ́. Sọ pé o kò mọ̀, kí ọmọ lè mọ ibi tí ìmọ̀ ìdílé rẹ̀ dópin. Bí ìyá rẹ bá ṣì wà láyé, bi í lónìí pé kí ni orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò.