Dírẹ́bà Tó Fẹ́ Sá fún Ojú Ọ̀gá Rẹ̀

Ní ìparí ọdún 2009, wọ́n ń dán ẹ̀rọ tuntun kan wò ní pápákọ̀ òfurufú Newark Liberty, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. GBAS ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa ran bàálù lọ́wọ́ láti balẹ̀ nígbà tí kùrukùru tàbí òjò bá bo ojú. Àwọn áńtẹ́nà rẹ̀ kì í kúrò lójú kan, wọ́n sì ti wọn ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà dáadáa. Bí sátẹ́láìtì GPS bá wá sọ pé ibòmíràn ni áńtẹ́nà kan wà, ẹ̀rọ náà á ṣírò àṣìṣe yẹn, á sì fi àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn awakọ̀ òfurufú tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ tó dára ni, àmọ́ lójoojúmọ́ ni kì í gbọ́ sátẹ́láìtì mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá fi máa wò ó, ara rẹ̀ á tún ti yá.

Ó tó oṣù méjì kí àwọn olùwádìí FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, tó rí ìdí rẹ̀. Ojú títì ni wọ́n ti rí i. Òpópónà márosẹ̀ New Jersey Turnpike gba ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ náà kọjá, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù kan sì wà tó ń gba ibẹ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́. Jámà, ẹ̀rọ kékeré tó ń di GPS létí, ló wà nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ ilé iṣẹ́ rí á mọ ohun tó ń jẹ́ trákà. Ó ń fi ohùn sátẹ́láìtì mọ ibi tí ó wà, á wá gba orí síìmù sọ ọ́ fún ọ̀gá ní ọ́fíìsì: dírẹ́bà rẹ ti dúró síbì kan láti ìdajì wákàtí, eré tó ń sá ti pọ̀ jù, ọkọ̀ rẹ wà níwájú ilé àna rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Jámà ni àwọn kan ń rà láti fi pa á lẹ́nu mọ́. Ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú mọ́tò ni wọ́n ń kì í bọ̀, wọ́n sì lè rí i rà ní iye tí kò tó 100 dọ́là.

Nǹkan bí 20,200 kìlómítà ni sátẹ́láìtì GPS fi ga sókè. Kí ohùn rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti lọ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí ènìyàn ń sọ lóde àríyá tí àwọn onílù ti wọlé. Ariwo lásán ni jámà ń pa lórí ìgbì rédíò kan náà. Ariwo ọ̀hún kò sì mọ trákà ọ̀gá yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tí bàálù ń gbọ́kàn lé; gbogbo èyí tó bá wà nítòsí ló ń di létí. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ fún oníbàárà: ẹni tó bá tan jámà ti sọ ara rẹ̀ di ilé iṣẹ́ rédíò kékeré. Ó rò pé òun ti sá pamọ́, bẹ́ẹ̀ ó ń kígbe kiri ìgboro, ẹni tó bá sì ní áńtẹ́nà tó ń tọ́ka síbi tí ohùn ti ń wá á bá a.

Bí wọ́n ṣe bá dírẹ́bà kejì nìyẹn. Ní August 2012, FAA tún fẹjọ́ sun FCC, àjọ tó ń mójú tó ìgbì rédíò, pé nǹkan kan ń da GBAS Newark láàmú. Òṣìṣẹ́ FCC kan tọpa ariwo náà títí ó fi dé ìdí Ford F-150 pupa kan, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ni. Dírẹ́bà rẹ̀ kò jiyàn. Ó ní òun lòun ni jámà, nítorí trákà tí ilé iṣẹ́ fi sínú ọkọ̀ lòun ṣe ń lò ó, ó sì gbé e lé wọn lọ́wọ́. Owó ìtanràn 42,500 dọ́là ni FCC ì bá bù lé e. Nítorí pé ó yọ̀ǹda jámà náà, wọ́n yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò, ó ku 31,875 dọ́là nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní August 2013. Ó sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Bàálù kankan kò já o. Orí ìdánwò ni ẹ̀rọ náà ṣì wà. September 2012 ni FAA tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lò ó. Ẹ ṣáà fi oṣù kan péré kún ọjọ́ tí wọ́n mú dírẹ́bà yìí, kí ẹ wò ó. Ó kúkú ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn: ní Nantes, nílẹ̀ Faransé, ní 2017, jámà tí ẹnì kan fi sílẹ̀ láì pa nínú ọkọ̀ tó gbé sí pápákọ̀ dá ìrìn àwọn bàálù dúró.

Èmi ò ní bá wọn fi dírẹ́bà náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ̀ tí ọ̀gá ní kí o gbé lọ sílé, ta ló ni alẹ́ ọjọ́ náà, ìwọ àbí òun? Ìbéèrè gidi ni, àwọn ọ̀gá kan sì wà tí wọn kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé iṣẹ́ síwájú ènìyàn ló yẹ kó bèèrè rẹ̀: ṣé trákà yìí ń sùn tí iṣẹ́ bá parí? Ta ló ń wo ohun tó bá kọ? Bí ẹnu ẹnì kan kò bá tó o, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Teamsters bá UPS, ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù kiri, jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì wọ inú àdéhùn wọn: wọn kò gbọ́dọ̀ lé òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí ohun tí GPS sọ nìkan, àfi bó bá hùwà àìṣòótọ́. Àìṣòótọ́ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Dírẹ́bà tó ki jámà bọ ihò sìgá ti fọwọ́ ara rẹ̀ jáde kúrò lábẹ́ ààbò yẹn, ì báà jẹ́ pé ẹ̀sùn tí ọ̀gá fi kàn án tẹ́lẹ̀ kò tó nǹkan.

Àwọn ọmọ wa tó ń wa trélà láti Newark dé Houston ni mo ń sọ èyí sí létí jù, torí ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ọ̀gá nìkan níbẹ̀. Láti December 2017, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ń lọ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ ní ELD, ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí tí dírẹ́bà fi wakọ̀, èyí tí kò gbọ́dọ̀ ju 11 lọ lẹ́yìn ìsinmi wákàtí 10. ELD náà ń fetí sí sátẹ́láìtì. Bí kò bá gbọ́ ọ pẹ́ títí, òun fúnra rẹ̀ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò mọ ibi tí ọkọ̀ wà, àkọsílẹ̀ yẹn gan-an sì ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà máa ń ní kí dírẹ́bà gbé wá.