Ẹ̀yìn Ta Ni A Fi Wọn Àpò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Gbogbo wa ni a máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń rántí rẹ̀ nígbà tí a bá ń gbé ẹrù fún ènìyàn? Àpò kan ni ó mú mi ronú sí i.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Glasgow, àwa mẹ́fà pinnu láti fi ẹsẹ̀ rin West Highland Way, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó gùn tó máìlì 96, láti Milngavie dé Fort William ní ilẹ̀ Scotland. Mo lọ ra àpò tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Obìnrin tí ń tajà gbé ọ̀kan jáde, ó ní ti obìnrin ni. Inú bí mi. Mo ní kí ó gbé ti ọkùnrin wá, pé ẹrù tí ọkùnrin bá rù, èmi náà yóò rù ú. Mo rò pé iyì obìnrin ni mo ń gbèjà.

Kí n tó dé Loch Lomond ni mo ti kábàámọ̀. Àpò náà gùn ju ẹ̀yìn mi lọ. Ìgbànú rẹ̀ kò jókòó lórí egungun ìbàdí mi, nítorí náà gbogbo kílò 12 rọ̀ mọ́ èjìká mi. Okùn rẹ̀ há mi láyà, ó sì bó mi lábẹ́ apá. Mo fà á dé Fort William, ṣùgbọ́n ojú mi rí nǹkan.

Mo padà sí ìsọ̀ náà. Obìnrin yẹn ní kí n tẹ orí ba, ó fọwọ́ kan egungun tí ó yọ ní ìsàlẹ̀ ọrùn mi, ó wọ̀n ọ́n dé ọ̀gangan egungun ìbàdí. Ó ní ìbàdí ni ó yẹ kí ó ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù. Nínú àpò obìnrin, ẹ̀yìn kúrú díẹ̀, okùn èjìká súnmọ́ra, ó sì tẹ̀ yí àyà ká, ìgbànú sì tẹ̀ lé bí ìbàdí obìnrin ti rí. Ó fi kún un pé obìnrin gíga mìíràn wà tí ti ọkùnrin bá mu, ọkùnrin sì wà tí ti obìnrin bá mu.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí a bá ní èyí jẹ́ ti obìnrin, ǹjẹ́ a kò ti sọ pé obìnrin kò lágbára? Ẹ jẹ́ kí a wo òṣùká. Olúkúlùkù ni ó ń fi aṣọ ara rẹ̀ ká a gẹ́gẹ́ bí orí rẹ̀ ti rí. Ta ni ó rí aláàárù pẹ̀lú òṣùká rí tí ó pè é ní ọ̀lẹ?

Ẹlòmíràn lè mẹ́nu ba Emma Gatewood ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1955, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 67, òun nìkan rin Appalachian Trail já, ó ju 2,000 máìlì lọ, àpò aṣọ kan ṣoṣo ni ó gbé kọ́ èjìká. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó rán àpò náà? Òun fúnra rẹ̀ ni.

N kò wí pé kí a gba gbogbo ohun tí a bá pè ní ti obìnrin. Bí oníṣòwò bá kàn yí àwọ̀ àpò padà tí ó sì bu owó lé e, ẹ̀tàn ni. Orúkọ kò wọn ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ óò di olùkọ́, dókítà àti aṣòfin lọ́la, bí ẹ bá rí ẹni tí ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lábẹ́ ẹrù, ẹ má ṣe yára sọ pé kò lágbára. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀yìn ta ni a fi wọn ẹrù náà.