Ṣé Ẹ̀jẹ̀ Ló Ń Sọ Ènìyàn Di Yorùbá?

Charles Rotimi, onímọ̀ nípa jíìnì tí wọ́n bí ní ìlú Benin, wà lára àwọn tó mú ẹ̀jẹ̀ ará Ìbàdàn wọ HapMap, ìwádìí àjùmọ̀ṣe tí orílẹ̀-èdè mélòó kan dáwọ́ lé lọ́dún 2002 láti mọ ibi tí jíìnì ẹnì kan ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Nígbà tí àbájáde àkọ́kọ́ jáde ní 2005, ènìyàn 269 ni wọ́n ti yẹ̀ wò. Yorùbá Ìbàdàn jẹ́ 90 nínú wọn, láti ìdílé 30: bàbá, ìyá àti ọmọ wọn tó ti dàgbà.

Kí abẹ́rẹ́ tó kan ẹnikẹ́ni, wọ́n ti bá ará àdúgbò jíròrò. Ẹni tí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó sọ pé Yorùbá ni òbí bàbá òun méjèèjì, Yorùbá sì ni ti ìyá òun. Ẹnu ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹnu ló sọ fún ẹ̀jẹ̀ ohun tí yóò máa jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan.

Ìbàdàn fúnra rẹ̀ tún mú ọ̀rọ̀ náà ta kókó. Àgọ́ ogun ni ní nǹkan bí 1829, tí ọmọ ogun Ìfẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá jọ dó sí. Títí dòní, ẹni tó bá ti Bẹẹrẹ rìn dé Òkè Bọ́lá yóò kọjá lára ilé ọmọ Ọ̀yọ́, yóò sì bá ilé ọmọ Ìjẹ̀bú. Ká ní wọ́n bi baba ńlá ará Ìjẹ̀bú yẹn láyé ogun bóyá Yorùbá ni, yóò ní rárá o, Ìjẹ̀bú lòun. Àwọn Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń fi orúkọ Yorùbá pè nígbà náà. Àwọn míṣọ́nárì, Ajayi Crowther pẹ̀lú wọn, ló jẹ́ kó kárí. Ẹ̀jẹ̀ kò yí padà, orúkọ ló yí.

Ìgbàgbọ́ nípa orí tún gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dọ̀ Àjàlá tó ń mọ orí lọ́run ni kálukú ti yan tirẹ̀, bàbá àti ìyá kò sí níbẹ̀. Ìbejì tó jọra bí ìmumu, jíìnì kan náà ni wọ́n ní, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bọ orí Táyé fún Kẹ́hìndé. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ o: òun ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá kọjá sára ọmọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fi ń béèrè jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so yìgì. Ìran ló ń gbé. Ìpín kò sí nínú ẹrù rẹ̀.

Ìlànà HapMap ní kí wọ́n máa pe orúkọ náà pé, “Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà”, kí àádọ́rùn-ún ènìyàn má baà di gbogbo Yorùbá, áńbọ̀sìbọ́sí gbogbo Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń ṣe àṣìṣe náà. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àádọ́rùn-ún ènìyàn náà ṣe wà ní Coriell, ilé ìwádìí kan ní Camden, ìpínlẹ̀ New Jersey. Kò sí orúkọ olúwa rẹ̀ kankan níbẹ̀; nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, pẹ̀lú orúkọ Yorùbá.